Ẹ̀rọ Tí Kì í Jẹ Jìn

Bàtà tí mo wọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi àkọ́kọ́ ni mo fi wọ inú omi. Mo ti dán bàtà náà títí tó fi ń kọ mànà, mo to ìwé ẹ̀rí mi sínú fáìlì, mo sì ti kọ́ ìdáhùn oríṣiríṣi sórí nípa irin àti ẹrù tó lè gbé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìpakodò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ńláńlá fún ẹni tó bá wá ní kí wọ́n ṣe é fún òun: ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi gòkè, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, èyí tó sì pọ̀ jù ni díréjà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn jáde látinú ọ̀sà. Ọ̀gá Múrí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ Ìkòròdú gidi, ọkùnrin kúkúrú tí kì í jókòó. Ó ń wá ẹni tí yóò máa ya àwòrán ẹ̀rọ fún un. Ó ti gba ẹni méjì ṣáájú mi. Àwòrán ẹni àkọ́kọ́ rẹwà débi pé wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n kò sí wẹ́dà tó lè ti ọwọ́ bọ ibi tó ní kí wọ́n ti jó irin. Ẹnì kejì mọ iṣẹ́ dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ dé kí ẹ̀rọ tó ń yà tó parí, ó sì gba òkè òkun lọ.

Ọ̀gá Múrí gba fáìlì mi, kò ṣí i. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan sí tí omi kún inú rẹ̀. Táńkì irin kan léfòó lórí omi náà, wọ́n tẹ́ pátákó lé e lórí. Ẹ̀ńjìnnì àlòkù kan wà létí kòtò.

"Bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀ńjìnnì yìí sórí táńkì yẹn," ló wí, "ibo ni ká gbé e sí tí kò fi ní dojú dé?"

Mo mú bírò jáde kí n ṣírò rẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé táńkì náà ti tẹ̀ sí apá kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan lé e. Omi ti wọ inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ti pọ̀ tó. Ni mo bá fi bírò sílẹ̀. Mo gun orí pátákó náà tòun ti bàtà mi, mo ń sún ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ẹrù bá wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí táńkì náà fi dọ́gba. Omi ti bo bàtà mi. Mo tọrọ ṣọ́ọ̀kì, mo fa ilà sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo ní, "Ibí ni, sà."

Ọkùnrin kan tó yọkùn, tó dúró láàárín àwọn wẹ́dà, bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ráfíù ni, olórí àwọn wẹ́dà. "Ọ̀gá, ẹ gba eléyìí," ló wí. "Orí àwọn tó ti lọ ló gbọ́n. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ gbọ́n."

Ọ̀gá Múrí wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

"Bàbá mi ni, sà. Apẹja ni wọ́n, ní abúlé kan lápá Ìjẹ̀dẹ́."

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni mo fi ń parí rẹ̀. Báyìí, mo máa ń rántí pé ohun tí bàbá mi kọ́ mi lórí omi ni mo fi gba iṣẹ́ náà, ó sì máa ń dùn mí.

Bí mo bá ní ayàwòrán ni mí, àwọn èèyàn á ní kí n ya àwọn. Iṣẹ́ mi kò jọ bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni n bá fi wé. Kò sí díréjà tó wà nílẹ̀ tí oníbàárà yóò kàn nawọ́ mú, omi tirẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé wá. Màá bi í pé báwo ni omi ibẹ̀ ti jìn tó, ṣé yanrìn lásán ni àbí ẹrẹ̀ ló bò ó, báwo ni ibi tí wọn yóò da yanrìn sí ti jìnnà sí omi tó. Lẹ́yìn náà ni màá ya àwọn táńkì tí yóò gbé ẹ̀rọ náà léfòó, màá ya pọ́ǹpù tí yóò fa yanrìn, màá sì ya apá rẹ̀. Páìpù gígùn tó ń rì wọ inú omi lọ bu yanrìn ni à ń pè ní apá. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń yà wọ́n, ṣùgbọ́n kí àwọn wẹ́dà tó fọwọ́ kan irin, màá tún un yà sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, bó ṣe tóbi gan-an, kí gbogbo wa lè rìn yí i ká.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ dá lórí ihò tí wẹ́dà ń gbà wọ inú táńkì láti jó o látinú. Mo wọn ihò náà gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe kọ́ mi. Ìwé kò mọ Bàbá Ráfíù. Orí wọlé, èjìká wọlé, ikùn kọ̀. Àwọn wẹ́dà méjì ló fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà síta, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò bú mi. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, kí o tó kọ́lé, mọ onílé." Mo mú téèpù, mo wọn ikùn rẹ̀, ìwọ̀n náà ni mo sì ń lò fún gbogbo táńkì láti ìgbà náà. Bí Iléyá bá ti kọjá tó ti jẹran yó, á tún wá bá mi pé kí n wá tún òun wọ̀n.

Lópin ọ̀sẹ̀ mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ìlàjẹ ni wá. Etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ni bàbá bàbá mi ti tukọ̀ wá sí ọ̀sà Èkó, òun àti àwọn ará ìjọ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé onígi wọn sójú omi ní abúlé tí a bí mi sí. Èdè Ìlàjẹ ni Bàámi ń bá mi sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni n óò fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí.

Ohun tí Bàámi fi ń jẹun ni ilé ẹja wọn. Níwájú abúlé, níbi tí omi kò ti ju ìbàdí lọ, wọ́n ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sínú omi, púpọ̀, títí ó fi dà bí igbó kékeré. Wọn yóò fi í sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ẹja á wá sá oòrùn síbẹ̀, á yé ẹyin síbẹ̀, á sọ ibẹ̀ di ilé. Nígbà tó bá tó, wọn yóò ta àwọ̀n yí i ká, wọn yóò yọ igi, wọn yóò kó ẹja, wọn yóò sì tún igi náà rì padà. Ọwọ́ bàbá wọn ni wọ́n ti gba ojú ibẹ̀. Kò sí ilẹ̀ mìíràn tí a ní láyé yìí ju omi kékeré yẹn lọ.

Bí mo bá dé ilé, Bàámi á ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́?" Màá tẹ́ àwòrán sórí ìjókòó ọkọ̀, wọn yóò sì máa fi ìka tọ ilà rẹ̀. Wọn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ ibi tí oníbàárà fẹ́ ṣiṣẹ́, wọn á sọ fún mi bí ilẹ̀ abẹ́ omi ibẹ̀ ṣe rí: ibi tí ẹrẹ̀ wà, ibi tí ìkarahun pọ̀ sí tí yóò dí pọ́ǹpù, ibi tí omi ń gbà yípo bí òjò bá pọ̀. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ni wọ́n fi mọ gbogbo rẹ̀. Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ wa sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nítorí rẹ̀. Ọ̀gá Múrí a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Kí ni bàbá ẹnjiníà wí?" Mo sọ èyí fún Bàámi, inú wọn dùn débi pé wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè.

"Bọ́sẹ̀, ọ̀pá mi ò kanlẹ̀ mọ́ lójú agbami."

"Báwo, Bàámi?"

"Àwọn díréjà ńlá yẹn ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Mo ti ọ̀pá bọ omi lánàá, ó ń lọ ṣáá, díẹ̀ ló kù kí èmi náà tẹ̀lé e." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Àwọ̀n tí a bá ta níbẹ̀ á rì sínú kòtò, á fàya. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ ò lè ṣe èyí tí kì í jẹ jìn ni? Kó kàn họ orí yanrìn bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò, kó sì kúrò níbẹ̀. Omi á tún ibẹ̀ dí."

Kò sí oníbàárà tó tíì sọ ohun tó ń fẹ́ fún mi kó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e lọ́kàn padà sí Ìkòròdú, kò sì jẹ́ kí n rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo ní ohun tí mo ṣe kàwé fún nìyí: kí oníyanrìn rí yanrìn rẹ̀, kí bàbá mi sì rí ẹja wọn.

Apá ẹ̀rọ náà ni mo kọ́kọ́ gé kúrú, kó má baà lè jẹ jìn bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fẹ́. Nígbà tí apá kúrú, pọ́ǹpù kékeré ti tó o. Pọ́ǹpù kékeré kò béèrè ẹ̀ńjìnnì ńlá, ẹ̀ńjìnnì kékeré kò sì béèrè táńkì tó wúwo. Gbogbo rẹ̀ ń fúyẹ́ lọ, ó sì ń dùn mọ́ mi bó ti ń fúyẹ́. Nígbà tí mo yà á tán, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá Múrí.

"Ta ló máa ra díréjà tí apá ẹ̀ kúrú báyìí?" ló bi mí.

"Kò ní gbẹ́ kòtò, sà. Àwọn apẹja ò ní bá oníyanrìn jà mọ́."

Ọ̀rọ̀ àwọn apẹja kò dà bí ẹni pé ó wọ̀ ọ́ létí. Ó tún wo àwòrán náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Omi tó dé ibo lára èèyàn ló lè léfòó nínú ẹ̀?"

"Orúnkún," mo wí, ìgbéraga fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi fò. "Ibi tí omi bá dé orúnkún, ó ti lè ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá Múrí fa àga, ó jókòó.

Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wú u lórí. Lónìí mo mọ ohun tó gbọ́. Àwọn díréjà àtijọ́ ń fẹ́ omi jíjìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró lókèèrè, lójú agbami. Èmi ló ya èyí tó lè wọlé wá.

Ìpakodò la ti dán an wò. Bàámi tu ọkọ̀ wọn wá látilé, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rọ náà dún, ó fa yanrìn funfun sórí ilẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pa á, Bàámi tu ọkọ̀ lọ síbi tó ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti ọ̀pá bọ omi. Ojú mi wà lára ọwọ́ wọn. Ọ̀pá náà dúró.

"Ó kanlẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé ọwọ́ lé táńkì ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gbàdúrà fún un bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ọkọ̀ tuntun, pé kó má ṣe pa ẹnikẹ́ni lára, kó sì mú oúnjẹ wọ ilé àwọn tó ni ín. Bàbá Ráfíù, tó jẹ́ Mùsùlùmí, dáhùn pé àmín sókè ju gbogbo wa lọ.

Àdúrà náà gbà ní apá kan. Oníbàárà ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tí kò lágbára àtira díréjà ńlá lè ra eléyìí. Ẹni tó ní ilẹ̀ létí omi lásán, tí kò ní ọkọ̀ kankan, lè tì í wọ omi láti ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í tiẹ̀ pè é ní díréjà. "Ẹ bá mi ṣe Bọ́sẹ̀ kan," ni wọ́n máa ń wí, àwọn wẹ́dà á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ló tún fẹ́ fẹ́ mi. Ọ̀gá Múrí gba àwọn wẹ́dà tuntun. Ó fi mí ṣe olórí àwọn ayàwòrán, nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni ayàwòrán tó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn àsìkò náà, n ò ní purọ́. Bí mo bá rí ọ̀kan nínú wọn lókèèrè lórí ọ̀sà, mo máa ń fi han àwọn tí a jọ wà nínú ọkọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàámi pè mí lórí fóònù.

"Bọ́sẹ̀, ẹ̀rọ rẹ wà níwájú ilé wa."

"Èwo nínú wọn, Bàámi?"

"Kékeré yẹn. Èyí tí mo gbàdúrà fún."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀dẹ́, mo wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Kí a tó dé abúlé ni mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì mọ ìró náà bí mo ṣe mọ ohùn ara mi. Àárín ilé ẹja Bàámi ló wà. Àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n ti fà tu wà lórí omi káàkiri. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà rí mi, ó dá mi mọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó pa ẹ̀ńjìnnì kó lè kí mi dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, màdáámù. Ẹ wá wo iṣẹ́ yín."

"Ta ló ní kí o ṣiṣẹ́ níbí? Èèyàn ló ri àwọn igi yìí."

"Ọ̀gá mi ló ní ká bẹ̀rẹ̀ níbí, màdáámù. Wọ́n ní àwọn ti gbàṣẹ. Yanrìn ibí mọ́, kò ní ẹrẹ̀ rárá. Àwọn ńlá yẹn ò lè débí, àfi tiyín yìí nìkan." Láti yìn mí ló ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀rọ náà kò jẹ jìn, bí mo ti ṣèlérí. Ó ń jẹ lọ káàkiri ni. Bó bá họ ibì kan tán, wọ́n á sún un síwájú, á tún họ ibòmíràn, kò sì sí ohun tó dá a dúró, nítorí omi tó dé orúnkún tó o. Omi kò rí àyè tún ibẹ̀ dí. Bàámi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Wọn kò bínú, ìyẹn ló sì le jù fún mi.

Mo padà lọ bá Ọ̀gá Múrí, ohùn mi kò sì tutù. Mo ní kó má ta Bọ́sẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ létí abúlé mọ́.

"Bọ́sẹ̀," ló wí, "alágbẹ̀dẹ kì í tẹ̀lé àdá dóko."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n mú kó wúwo. Bí táńkì rẹ̀ bá rì sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, kò ní lè wọ ibi tí omi ò jìn."

"Kí ta ló máa rà á? O ò tíì rí èyí tí ṣọ́ọ̀bù tó wà lápá ibẹ̀ yẹn ti ṣe? Wọ́n wo tiwa, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ti tà tó mẹ́ta. Bí mo bá dáwọ́ dúró lónìí, àwọn ò ní dáwọ́ dúró." Ó wo ojú mi. "Màá bá ẹ lọ bẹ oníyanrìn yẹn."

Ó lọ lóòótọ́. Kì í ṣe èèyàn búburú, ìdílé púpọ̀ ló ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Oníyanrìn náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà kúrò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé e padà, ẹlòmíràn sì gbé tirẹ̀ tẹ̀lé e. Bàbá Ráfíù rí mi bí mo ti ń fi ẹsẹ̀ pa ilà ṣọ́ọ̀kì rẹ́ lórí sìmẹ́ńtì, ó wá dúró tì mí. Ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bàbá ẹ ṣì wà láyé." Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó dànù yẹn ni gbogbo ohun tí a ní.

Lẹ́yìn tí ẹja lọ, etí omi tí yanrìn náà ti ń gbé ró bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Àwọn òpó ilé wa tẹ̀, ilé àwọn aládùúgbò méjì kan wó díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kó jáde. Mo lọ bẹ Bàámi. Mo kúnlẹ̀ sórí pátákó ilé tó ti ń yẹ̀ náà.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ní kí o ṣe é."

"Èmi ni mo ṣe é, Bàámi."

"Bí n ò bá sọ ọ́, o ò bá má ṣe é."

A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn méjì tó ń du àtisan owó ọkọ̀ fún ara wọn, kò sì sí ẹni tó gbà kí ẹnì kejì ru ú. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Láàárín ọdún náà, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ wá kó Bàámi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ta ọkọ̀ wọn fún ẹni tó fẹ́ fi kó èrò.

Èmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo ti lọ́kọ, mo sì ti bímọ. Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí n ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí. Èmi ni mò ń gba àwọn ayàwòrán tuntun báyìí, nítorí Ọ̀gá Múrí ti dàgbà, ó sì ti kọ́ láti jókòó. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá, ọwọ́ rẹ̀ dára lórí kọ̀ǹpútà ju tèmi lọ. Mo gbé iṣẹ́ kan síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe lágbára tó, bí yóò ṣe yára tó, ibi tí yóò lè dé.

Mo bi í pé, "Ibo ni kò gbọdọ̀ lè dé?"

Ó wò mí, ó tún wo ìwé, ó rò pé mo ń dẹ pàkúté fún òun. "Ẹ ò kọ ìyẹn síbí, mà."

"Wọn kì í kọ ọ́," mo wí.

Mo gbà á síṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wá ni mò ń bi ní ìbéèrè náà, n ò sì mọ̀ bóyá ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ká ní ẹnìkan bi mí ní ọjọ́ tí mo ya Bọ́sẹ̀, n bá ti dáhùn wéré pé inú kòtò jíjìn, bíi ti ojú agbami. N bá sì rò pé mo ti gba ìdánwò náà.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan ní Ẹ̀pẹ́ ní kí a ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa kó koríko ojú omi tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Iṣẹ́ rere ni, kò ní fọwọ́ kan yanrìn. Mo yà á, inú mi sì dùn sí i, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ká a, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ fi han Bàámi. Ìyàwó àbúrò mi ní wọ́n ti lọ sọ́jà ẹja.

Mo bá wọn níwájú obìnrin kan tó pàtẹ ẹja sínú ọpọ́n. Wọn kò rí mi.

"Ibo ni wọ́n ti pa eléyìí?" ni Bàámi ń bi í.

"Inú ọ̀sà yìí náà ni, Bàbá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi ni."

Bàámi fi ìka ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, wọ́n wo inú rẹ̀. "Ó ti sùn lórí yìnyín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí mọ ẹja o. Ṣé apẹja ni yín ni?"

Bàámi ní kó dín owó rẹ̀ kù.

Nígbà tí wọ́n yíjú rí mi, a jọ rìn lọ jókòó sí etí omi, wọ́n gbé ẹja méjì tí wọ́n rà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ọ̀rá. Mo tẹ́ àwòrán mi sórí itan wọn. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ rẹ ti mọ́ sí i."

"Bàámi, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ibo ni koríko náà máa ń gbà wọlé? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúró sí."

Wọ́n ká àwòrán náà, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Bọ́sẹ̀, má bi mí lọ́rọ̀ omi mọ́."

"Eléyìí ò ní pa ẹnikẹ́ni lára, Bàámi. Koríko lásán ló ń kó."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ti èyí yẹn náà, ṣebí a mọ̀."

Ọkọ̀ kan kọjá, èrò kún inú rẹ̀, àwa méjèèjì ń wò ó títí ó fi lọ. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, Bàámi tú ọ̀rá, wọ́n yọ ẹja kan nínú méjèèjì, wọ́n wé e, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún àwọn ọmọ mi.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nínú gbogbo ẹja tí Bàámi ti fún mi láyé mi, òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi owó rà.